Lámilámi Kò Sí ní Odò Kejì

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kékeré kan. Nígbà wo lẹ rí lámilámi gbẹ̀yìn? Mi ò sọ ti àwòrán inú ìwé Báyọ́lọ́jì o. Lámilámi gidi ni mò ń wí, èyí tó bà lé orí koríko, tí ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n láti kékeré. A máa ń yọ́ lọ bá a lẹ́yìn, a ó fi ìka méjì mú un nírù, a ó so òwú mọ́ ọn, a ó wá máa sáré tẹ̀lé e káàkiri àgbàlá bí ẹni tó ń wa bàálù. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní ó máa ń ta èèyàn. Irọ́ ni. Kò ní oró kankan nídìí. Bó bá fi ẹnu gé ọ lọ́wọ́ díẹ̀, ṣebí ìwọ lo mú un?

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìrìn kan lọ. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni, láti abúlé dé oko, àlọ àti àbọ̀. Mo mọ̀ pé á pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń rìn nínú igbó láìnídìí? Bí o kò bá mú àdá dání, tí o kò ru igbá, tí kì í sì í ṣe ewúrẹ́ tó já lò ń wá, ẹni tó bá pàdé rẹ á ní, "Kí lo wá ṣe níbí?" Bí o bá wá dá a lóhùn pé òdòdó àti lámilámi lò ń wò, á rọra ní kó o jókòó síbi tí atẹ́gùn wà, kóun lọ pe àwọn ará ilé ẹ wá.

Oṣù keje ọdún 2022 ni. Ẹ ò ní gbàgbé ọdún yẹn bọ̀rọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! 100 level ni mo wà nígbà náà, bẹ́ẹ̀di tuntun tí mo rà fún ọ́sítẹ́ẹ̀lì kò tíì tẹ̀ nílẹ̀ dáadáa tí a fi kó ẹrù wa padà sílé. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aránṣọ, èkejì ń ta dátà, ẹ̀kẹta tilẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Èmi wà nílé, mò ń sùn, mò ń jí, títí ìyá mi fi sọ lọ́jọ́ kan pé, "Àbẹ̀kẹ́, lọ bá Yèyé lábúlé. Ojú wọn kò dáa mọ́, wọ́n ń fẹ́ ẹni tí á máa bá wọn kán oògùn."

Yèyé ni ìyá tó bí ìyá mi. Abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n ń gbé, níbi tí oko kòkó pọ̀ sí. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa nípa ojú wọn. Ó ní inú ẹyinjú wọn ń le ju bó ṣe yẹ lọ, pé líle yẹn ló ń pa iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ. Glaucoma lorúkọ àìsàn náà. Ìríran tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, kò ní padà. Ìyókù tó kù ni oògùn wà fún, kó má baà tán. Ṣùgbọ́n Yèyé fúnra wọn ló sọ ọ́ tó yé mi jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ṣókùnkùn wá. Ó dà bíi pé inú páìpù ni mo ti ń yọjú wo ayé."

Mo lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń kán oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí òjò ti dá, tí oòrùn sì mú díẹ̀, Yèyé ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú mi lọ sóko."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ mú wá, Yèyé? Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ mú un."

Wọ́n ní, "Mi ò lọ mú nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ wò ó ni. Ohun tí mo bá rí lónìí ni mo rí. Ta ló mọ ti ọdún tó ń bọ̀?"

Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń bójú tó oko náà, kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ń yọ̀, wọ́n ní ejò ń bẹ lọ́nà, wọ́n ní kí Yèyé jẹ́ kó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yèyé dáhùn pé, "Ọ̀nà tí èmi àti bàbá rẹ fi àdá là, ìwọ lo wá fẹ́ fi ẹ̀rù ẹ̀ bà mí?" Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá Ìbejì fún mi ní bàtà òjò wọn, ó tóbi jù mí lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Yèyé mú ọ̀pá dání lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé èjìká mi. Ọmọkùnrin Bàbá Ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ṣíwájú. Òun ni ẹ̀ṣọ́ wa.

A ò tíì rìn jìnnà tí Yèyé fi ní kí a dúró. "Kí ló ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn? Sọ fún mi."

Mo ní koríko ni.

"Koríko wo? Koríko ò lórúkọ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo já a, mo gbé e sí wọn níwájú gan-an, níbi tí páìpù wọn dojú kọ. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó dà bí òwú tí wọ́n já wẹ́wẹ́, tí wọ́n rẹ sínú aró tó ti ṣì. Yèyé ò tilẹ̀ wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka ra ewé rẹ̀, wọ́n gbé e símú. "Imí eṣú ni. Orúkọ ẹ̀ ò dáa létí, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara gbọgbẹ́ lóko, òun ni à ń wá."

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn o. Èmi ni ojú, Yèyé ni ìwé. Mo rí òdòdó kan tó pupa rúsúrúsú bí ẹyin ìyeyè, tó ta ìtànṣán bí oòrùn kékeré. Wọ́n ní yúnyún ni, pé nígbà tí ọkọ́ bù wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, ewé rẹ̀ ni wọ́n rún sí i tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu nígbà tó yá, nítorí pé mo rí i kà pé haemorrhage plant ni àwọn Òyìnbó ń pe ewé náà. Yèyé ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti patanmọ́, ẹ̀ṣọ́ wa kò jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù tí kò fọwọ́ kàn. Gbogbo ewé rẹ̀ ló ń pa dé níwájú wa bí ilé ìtajà tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Òdòdó ẹ̀ nìkan ni kì í pa dé, ó rí roboto, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán.

Lẹ́yìn náà la dé ibi tí igbó kan ti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Yèyé rún ewé rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Akíntọ́lá rèé."

Mo ní mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹn! Ó sinmi lórí ẹgbẹ́ tí bàbá ẹni tó ń pè é wà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn ìjọba apá Ìwọ̀ Oòrùn, ẹ mọ̀ pé ọdún 1962 ni ìjà àwọn àgbà méjèèjì yẹn tú síta. Ewé kan ṣoṣo ló wá ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́nu àwọn ará oko. Ewé náà kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti wá, kó tó gba gbogbo oko wa kan. Kò tíì tanná lọ́jọ́ yẹn, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń tanná. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbálé, tó ga ju èèyàn lọ lẹ́bàá títì. Mexico àti àwọn ilẹ̀ tó múlé tì í ni òun náà ti wá. Ewé tútù nìkan ló ní lóṣù keje. Yèyé fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ó di ìgbà tí òjò bá fẹ́ lọ." Bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni.

A dé odò àkọ́kọ́ nígbà tí oòrùn ti mú dáadáa. Ohun tó dáa gan-an nìyẹn, nítorí lámilámi kì í fẹ́ fò bí ara rẹ̀ bá tutù. Odò náà kò fẹ̀, àárín òkúta ló ti ń jáde, ṣùgbọ́n ó dúró níbì kan tó rí bí adágún. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mo ń rí ewé jíjẹrà nísàlẹ̀. Òṣíbàtà tẹ́ ewé sójú ẹ̀, òdòdó funfun mẹ́rin là.

Àwọn lámilámi náà ńkọ́? Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọ̀kan pupa foo bí ata rodo. Ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù bí ẹni da lúláyè sí i, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì dúdú lábala lábala. Mo wá orúkọ ìyẹn nígbà tó yá, Palpopleura lucia ni, ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn tín-ínrín kan tún wà tó ń rìn létí koríko, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bà, wọ́n á pa ìyẹ́ wọn pọ̀ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ń pe ìyẹn ní damselfly, ìbátan lámilámi ni. Lámilámi gangan kì í pa ìyẹ́ pọ̀, gbalaja ló ń na tirẹ̀ sílẹ̀. Irú wọn lágbàáyé, tẹ́ ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, lé ní 6,000. Wọ́n sì ti pẹ́ láyé. Ìbátan wọn kan tó gbé ayé ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Meganeura, tí wọ́n rí egungun òkúta rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, ìyẹ́ rẹ̀ láti ìkángun kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 65 ó kéré tán. Ẹ fojú inú wo ìyẹn kó máa so òwú mọ́ ẹ nídìí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Yèyé ò rí wọn. Ohun tó bá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè wọ inú páìpù wọn. "Níbo? Níbo?" ni wọ́n ń wí, orí wọn ń yí kiri, lámilámi ti lọ. Mo rí i pé inú wọn fẹ́ bàjẹ́.

Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Èyí tó pupa yẹn, igi gbígbẹ kan ló bà lé. Bó bá gbéra, tó lọ gbá kòkòrò kan mú lófuurufú, orí igi yẹn kan náà ló máa ń padà sí. Mo mú Yèyé jókòó sórí òkúta, mo tún orí wọn ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn fi dojú kọ orí igi náà gan-an. Mo ní, "Yèyé, ẹ má yíjú o. Ẹ jẹ́ kó wá bá yín."

A dúró. Ẹ̀ṣọ́ wa náà dákẹ́, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Lámilámi náà padà, ó bà.

Yèyé ò sọ̀rọ̀. Ó gbéra. Wọ́n dúró dè é. Ó padà. Ó tó ìgbà mẹ́fà méje tó lọ tó bọ̀, Yèyé ò mira. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Ó pọ́n o. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń pọ́n tó báyìí."

Mo wá ń sọ àwọn ohun tí mo mọ̀ fún wọn. Mo ní ojú lámilámi kan ṣoṣo, ojú wẹ́wẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 ló para pọ̀ di í. Mo ní ó ń rí iwájú, ó ń rí òkè, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí kò rí.

Yèyé ní, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n? Kó yá mi ní ọgọ́rùn-ún péré."

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn dùn, ó tún ta mí.

Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní lámilámi. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n wo ojú omi. Òótọ́ ni, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń fò lọ fò bọ̀, tó ń fi ìdí kan omi tó! tó! tó! "Ó ń lá omi," ni Yèyé wí. Mo ní ẹyin ló ń yé, abo ni. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò burú. Ibi téèyàn bá ń yé ẹyin sí, ilé ẹ̀ nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin wa ti rí awọ gbígbẹ kan lára koríko tó jáde látinú omi. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ní ojú, ẹ̀yìn rẹ̀ ya, inú rẹ̀ ṣófo. Awọ ọmọ lámilámi ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Zoology mọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fáwọn tó kù. Inú omi ni ọmọ lámilámi ń gbé, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè lo oṣù, àwọn irú kan ń lo ọdún níbẹ̀. Kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí apá, á ká a mọ́ ara, á ṣàdédé nà án síta, á fi gbá tanwíjí mú, ìyẹn tanwíjí tí ì bá di ẹ̀fọn tí á wá máa kọrin sí wa létí ní ọ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìdí ló sì fi ń mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, ihò ìdí ló ń gbà fa omi wọlé, ibẹ̀ ló ti ń mú afẹ́fẹ́ inú omi. Bó bá fẹ́ sá, á tu omi náà síta lẹ́ẹ̀kan, á sì ta síwájú bí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó bá tó àkókò, á gun koríko jáde, awọ á ya, èyí tí a mọ̀ ni á jáde wá.

Mi ò fẹ́ fi ṣe òwe. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti wà nílé láti oṣù kejì, mo di awọ yẹn mú pẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀.

Láti odò àkọ́kọ́ sí èkejì kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. A gba inú kòkó kọjá. Níbi gbalasa kan tí wọ́n ti gé igi, àwọn lámilámi oníràwé, àwọ̀ wọn bí ìyeyè tó pọ́n, pọ̀ lókè bí ẹni da wọ́n síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kì í bà bọ̀rọ̀. Pantala flavescens ni wọ́n, òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri. Ọ̀gbẹ́ni kan, Charles Anderson, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2009, ó fi hàn pé ó jọ pé wọ́n ń gbéra láti ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ń fò kọjá lórí òkun, wọ́n sì ń dé apá Ìlà Oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Kòkòrò tí kò gùn tó ìka! Kò gba físà, kò wọ ọkọ̀. Ẹ̀ṣọ́ wa bi mí bóyá àwọn tó wà lókè orí wa ti dé Íńdíà rí. Mo ní mi ò bi wọ́n.

Ariwo ẹ̀rọ la kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni, gbùù, gbùù. Yèyé dúró. Wọ́n ní, "Ta ló ń lọ ẹ̀gẹ́ nínú igbó?"

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Àwọn awakùsà ni. Ẹ mọ̀ pé wúrà wà nílẹ̀ wa yẹn, láti apá Iléṣà títí dé Ìpẹ̀rìndó. Ihò ńlá ńlá la bá lẹ́bàá odò, òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún wà nínú omi dé ìbàdí, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé, omi ń ṣàn án lọ.

Yèyé ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n dáhùn, wọ́n kí wọn dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ẹ̀wù tó wọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀wù ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ni, irú èyí tí gbogbo wa ń rà tá a sì ń wọ̀ títí yóò fi ya. Mo bi í ní level wo. Ó ní 300. Yunifásítì mìíràn ni. Ó ní bàbá òun ti kú, pé òun ò lè máa jókòó de ọjọ́ tí wọ́n máa ṣílé ẹ̀kọ́, pé àbúrò méjì ń bẹ lẹ́yìn òun. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe rí ló ṣe sọ ọ́.

Yèyé yíjú sí apá ibi tí omi wà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, báwo ni omi náà ṣe rí?"

Mo wo omi. Mo wo ọmọkùnrin náà. Òun náà wò mí. Odò yìí ni Yèyé ti ń fọ kòkó nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń dáná fún lébìrà. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó mọ́, wọ́n á gbà á gbọ́. Kò sí ohun tí ojú wọn lè fi já mi nírọ́, omi náà jìnnà sí páìpù wọn.

Mo ní, "Ó pọ́n, Yèyé."

"Ó pọ́n bí kí ni?"

"Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí."

"Òṣíbàtà ń kọ́?"

"Kò sí."

"Lámilámi?"

Mo wò yíká. Mo fara balẹ̀ wò ó, mo rìn lọ síwájú, mo rìn padà sẹ́yìn létí omi náà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Mo ní, "Kò sí, Yèyé. Ẹyọ kan ò sí."

Wọ́n mi orí. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ fún ọmọkùnrin náà, ohùn wọn ò le, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní í jẹ́ kó o bomi jẹ́." Ó ní, "Àmín, Màmá." Mo mọ̀ pé àmín yẹn tinú rẹ̀ wá.

Ẹ ò nílò kí wọ́n jẹ́ amòye kí ọ̀rọ̀ náà tó yé yín. Bí yẹ̀pẹ̀ bá pọ̀ nínú omi, oòrùn kò ní lè wọ ìsàlẹ̀, koríko inú omi á kú. Koríko yẹn ni àwọn irú lámilámi kan ń fi ẹyin pamọ́ sí. Ẹrẹ̀ á bo àwọn ọmọ wọn mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ á tán. Níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń fọ wúrà báyìí, wọ́n tún máa ń lo mẹ́kúrì láti fi kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, májèlé sì ni mẹ́kúrì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń wo lámilámi bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara odò kan yá. Bó bá wà, ó tó ohun téèyàn ń dúpẹ́ fún. Bí kò bá sí, ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́ ní Òṣogbo, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí ìdọ̀tí ìwakùsà. Odò tí àjọ UNESCO tìtorí igbó rẹ̀ kọ orúkọ Òṣogbo sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005! Yèyé gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?" Wọ́n pa rédíò.

Àwọn kan á ní kí n dá ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi. Mi ò lè ṣe é. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi yẹn kò sí nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń ra wúrà náà kò mọ ọ̀nà oko wa. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí ìyẹn sọ pé omi náà mọ́. Ohun méjèèjì ni mo gbé padà wálé, èmi pẹ̀lú Yèyé lẹ́jìká mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó yẹ kí n fi kọ lẹ́kíṣọ̀. Mo ní kí Yèyé máa ka àwọn orúkọ náà fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí a rí, ibi tí a ti rí i, iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n ka mẹ́tàlélógún. Nínú mẹ́tàlélógún yẹn, mẹ́rin péré ni mo mọ̀ kí n tó dé abúlé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní àwọn tún rántí méje. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi ṣílé ẹ̀kọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di báyìí, ó ti kún, mo ti ra èkejì. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó mọ ewé, kó wá bá mi. Mi ò fẹ́ owó, orúkọ ni mo fẹ́.

Ojú Yèyé ti lọ sí i látìgbà náà. Oògùn ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru báyìí, wọn ò sì tún béèrè pé kí wọ́n mú àwọn lọ sóko. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹwàá, tí òjò ń lọ, mo ti mọ ohun tí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé agbálé ti tanná lọ́dọ̀ yín?"

Màá jáde lọ sẹ́bàá títì tó lọ sí géètì, fóònù létí, ọ̀kadà ń kọjá, màá dúró níwájú wọn. "Ó ti tanná, Yèyé. Ọ̀tún àti òsì. Ó pọ̀ débi pé ojú títì ń tàn."

"Lámilámi wà níbẹ̀?"

Màá ní kí wọ́n dúró ná. Màá wò ó dáadáa kí n tó dáhùn.